Òwú fún Ìyá Maimunat

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ ìtàn òwú àti ọkàn tó ń fà sí ọkàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Maimunat, pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ ewé, yà sí ìsọ̀ Múdàṣírù, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń rán ìrọ̀rí tà ní Okokomaiko. Ó bu òwú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wọn ìwúwo rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ẹyẹ.

"Ta ló fẹ́ sùn lórí ìrọ̀rí kékeré yìí?" ni Múdàṣírù bi í.

"Wọ́n gé ọmú kan fún ìyá mi nítorí jẹjẹrẹ. Kọ́mú wọn ni mo fẹ́ fi dí, kí aṣọ lè jókòó lára wọn."

Ojú ti Múdàṣírù. Ó ṣa èyí tó rọ̀ jù fún un. Láti ìgbà náà, ṣe ni òwú ń tètè tán nílé Maimunat ní Ìbà.

"Ṣé màmá ń jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹni tó ń tà á ni mo wá wò, aláwàdà."

Nígbà tó di ti ìgbéyàwó, ìyá Múdàṣírù rán àbúrò rẹ̀, Àdìgún, lọ wádìí ìdílé ìyàwó. Àdìgún gbọ́ nípa ọmú tí wọ́n gé, ó sì wá ròyìn.

Ìyá Múdàṣírù ní kò sí ìgbéyàwó mọ́. "Ilé tiwa mọ́. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ ò ní wọ̀ ọ́."

Maimunat ò wá ra òwú mọ́. Múdàṣírù ṣáà ń fi èyí tó dára pamọ́. Bí ìborùn aláwọ̀ ewé bá kọjá, abẹ́rẹ́ á gún un lọ́wọ́.

Ìgbà tó yá, ìtọ̀ há mọ́ bàbá Múdàṣírù. Dókítà ní jẹjẹrẹ prósíteètì ni, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀.

"Bàbá, ǹjẹ́ obìnrin kankan ní jẹjẹrẹ ọmú nínú ẹbí yín?"

Bàbá ní, "Àmọ̀kẹ́, àbúrò mi. Eéwo la pè é títí ó fi kú."

Dókítà ṣàlàyé pé hómóònù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí ara, ló sábà máa ń bọ́ jẹjẹrẹ méjèèjì, pé nínú ẹbí mìíràn, ohun kan náà tí wọ́n jogún ló lè fà á. Kì í ràn. Kí wọ́n ṣáà máa tètè ṣàyẹ̀wò.

Ìyá Múdàṣírù tẹjú mọ́lẹ̀.

Múdàṣírù gba Ìbà lọ. "Maimunat, ìdílé tèmi ni kí o wádìí báyìí. Ó wà nínú tiwa. Bí o bá kọ̀ mí, mi ò ní bínú."

Maimunat ní, "Mi ò sá fún ìyá mi, ṣé ìwọ ni n óò wá sá fún? A ó jọ máa lọ ṣàyẹ̀wò. Òwú mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú ń tì wọ́n láti wọlé."

Maimunat jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Mọ̀mí. Ẹ wọlé, màmá mi ti ń retí òwú."

Àdìgún tí wọ́n rán lọ wádìí ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà sì ti sọ ọ́ fún yín.