Ẹni Tí Mo Fi Ṣọ́ Ilé

Ta ni ẹ máa ń fi ṣọ́ ilé nígbà tí kò bá sẹ́nì kankan nílé yín?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe é. Ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró, ẹ ó wá gbóhùn sókè kí olè tó bá ń dẹtí lè gbọ́: "Mò ń lọ o, bá mi gbé omi kaná kí n tó dé o!" Bẹ́ẹ̀ ilé ṣófo, ògiri lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ní Agbowó ńbí, tí àwọn ọmọ yunifásítì ń wọlé tí wọ́n ń jáde bí eèrà, tẹ́nì kan ò mọ ọmọ ta ni ta ni, ọgbọ́n ni.

Orúkọ tí èmi máa ń pè ni Ọmọ́fẹ́. "Ọmọ́fẹ́, mò ń lọ o. Ṣọ́ ilé o." Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ́fẹ́ ti kú. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, àwọn òbí rẹ̀ gba yàrá kan nílé bàbá mi. Èmi àti ẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ibà ló mú un lọ, nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá ká gba fírídọ̀ọ̀mù. Kò fọwọ́ kan maṣíìnì tó jẹ́ tirẹ̀ rí. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé la sin ín sí. Nígbà tó yá, mo gé igi náà, mo da kọnkéré sójú ibẹ̀, mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn oní-fọ́tókọ́pì gba ọ̀kan, èmi ń ta ike àti abọ́ nínú èkejì. Ṣùgbọ́n títí dòní, ẹ wọ kèké, kẹ́ ẹ ní "Ìdí Àgbálùmọ̀", ibẹ̀ ni yóò já yín sí. Igi ti lọ, orúkọ ò lọ.

Ó dáa. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ tó kọjá.

Qonitah, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù aṣọ rírán tiẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní Bódìjà kì í ṣeré: bí maṣíìnì rẹ ò bá sí nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kí wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wàá padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ fún ọdún kan sí i. Ọdún mẹ́ta lọmọ yìí ti fi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn. Mo ní kò ní padà. Ó wá maṣíìnì kan rí lórí fóònù, ó dúdú kiriri, òdòdó aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀. Mo sanwó. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta pé, a ò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹwàá pé, òfo. Qonitah pe ọlọ́jà.

"Màmá àgbà, wọ́n ní àwọn ti gbé e wá. Wọ́n ní ẹnì kan gbà á nílé wa ní Túsìdeè tó kọjá."

"Ta lẹni yẹn?"

"Wọn ò sọ. Wọ́n ní tá a bá fẹ́ gbowó padà, ká lọ bá àwọn tó gbé ẹrù wá, ní Ring Road."

"Ta ló wà nílé ní Túsìdeè?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀yin lọ gba oògùn ojú yín ní Jẹ́ríkò, èmi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi."

Sátidé ni fírídọ̀ọ̀mù. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Qonitah ti fẹ́ máa sunkún. Mo ní kó nu ojú ẹ̀, mi ò kí ń sunkún kí n tó wádìí. Mo wé gèlè, mo gbé báàgì. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu mi ti ṣí fúnra rẹ̀: "Ọmọ́fẹ́, mò ń lọ o."

Nǹkan kan dún nílẹ̀, kẹrẹkẹrẹkẹrẹ, bí ìgbà tí táyà kékeré kan ń yí, ó sì dákẹ́. Mo ní ẹ̀rọ oní-fọ́tókọ́pì ni. Kèké ti gbé wa dé Mókọ́lá kí n tó rántí pé àwọn oní-fọ́tókọ́pì ò tíì ṣí, àti pé kò síná láti àná.

Ọ́fíìsì àwọn tó gbé ẹrù wá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń rùn fún páálí àti gọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì ló jókòó síbẹ̀, Ìrẹ̀mídé lorúkọ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ wa, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní Luke ló gbé ẹrù náà. Ó pè é wá. Ẹni tó wọlé kì í ṣe ọmọdé, irùngbọ̀n bo ẹnu rẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ lo jí maṣíìnì ọmọ mi gbé?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, mi ò jalè rí láyé mi. Mo gbé e délé yín. Àǹtí kan ló gbà á, wọ́n jókòó sábẹ́ igi iwájú ilé."

"Igi wo?"

"Igi àgbálùmọ̀ ńlá yẹn. Mo tiẹ̀ páàkì ọ̀kadà mi sábẹ́ òjìji ẹ̀, torí oòrùn mú."

Qonitah wò mí. Èmi ò wo Qonitah.

"Báwo ni Àǹtí náà ṣe rí?"

"Wọ́n kéré lọ́jọ́ orí. Wọ́n fi òwú dúdú dirun, irú irun àtijọ́ yẹn. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn wọn. Mo rò pé télọ̀ ni wọ́n." Ó na ọwọ́ sí Qonitah. "Kì í ṣe Àǹtí yìí o."

Mo sọ fún un pé àgbálùmọ̀ ò sí níwájú ilé mi láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ní há à. Ó ní wọ́n fún òun ní ẹyọ kan mu. Ó ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù òjò rẹ̀, ó kó kóró mẹ́rin jáde sórí tábìlì. Wọ́n ń dán, wọ́n pọ́n, omi ṣì wà lára wọn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Oṣù kẹjọ, ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ló rí àgbálùmọ̀ rà lóṣù kẹjọ? Ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ kan tó ti fi wọ́n sápò.

Ẹ̀rù ò bà mí tó bó ṣe wù mí láti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí.

Ìrẹ̀mídé ní, "Ó yẹ kó ya fọ́tò ẹrù kó tó kúrò níbẹ̀." Ó yí kọ̀ǹpútà sí wa.

Páálí ló wà nínú fọ́tò náà, lórí kọnkéré mi. Mo dá ibi tó sán mọ̀. Kò sí igi kankan. Ṣùgbọ́n òjìji ewé wà nílẹ̀, ó bo gbogbo kọnkéré. Ọwọ́ kan wà lórí páálí náà, tí àpá iná ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rí gẹ́gẹ́ bí imú áyọ́ọ̀nù eléèédú. Mo mọ àpá yẹn. Èmi ni mo gbé áyọ́ọ̀nù kan ọwọ́ yẹn ní Dùgbẹ̀, nígbà tí mo ń bá ẹlòmíì tàkúrọ̀sọ tí mi ò wo iwájú mi.

Mo rọra bi Luke pé, "Ṣé ó sọ orúkọ ẹ̀ fún ẹ?"

"Èmi ni mo pe orúkọ. Orúkọ tó wà lórí bébà mi ni. Mo ní, 'Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹ́ Ọmọ́fẹ́?' Wọ́n ní, 'Èmi ni. Mo ti ń retí ẹ.'"

"Lá ìláha illalláhù," ni Qonitah wí. Ó di ìró mi mú bíi pé ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Ìrẹ̀mídé ò mọ ohun tó ń lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbájú mọ́. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Màmá, ẹ ò nílò wàhálà púpọ̀. Fọ́ọ̀mù tá a fi ń dá owó padà rè é. Ìlà kan ṣoṣo lẹ máa kọ nǹkan sí, ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ kọ 'Luke' síbẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀, ẹ̀yin á gba tiyín lónìí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ ò ní gba kọ́bọ̀."

Luke kúnlẹ̀. Ó ń wo kóró mẹ́rin orí tábìlì.

Ẹ má purọ́ fún ara yín, ẹ̀yin náà ì bá rò ó. Mo rò ó. Mo rí Qonitah ní Sátidé, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí iwájú tiẹ̀ nìkan ṣófo. Mo gba bírò.

Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Dúró ná. Ta ló fi orúkọ Ọmọ́fẹ́ sórí bébà yín? Onítọ̀hún lẹlẹ́bi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tá a bá pè lórí fóònù ló máa ń sọ ọ́. A máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀." Ìrẹ̀mídé tẹ nǹkan kan.

Ohùn ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ jáde, ó ń kí mi. Ohùn mi tẹ̀ lé e.

"Tá a bá dé tí ẹ ò sí nílé ńkọ́, Màmá?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ilé mi máa ń ṣófo? Ọmọ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ọmọ́fẹ́ kì í kúrò nílé."

Mo rántí. Àjèjì pè mí, ó ń bi mí bóyá ilé mi yóò ṣófo. Ọgbọ́n ìyá mi ni mo ta sí i, mo gé fóònù, mo gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ohùn inú kọ̀ǹpútà ò tíì tán. Lẹ́yìn ohùn tèmi, ẹnì kan sọ̀rọ̀ nítòsí, bíi pé ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká. Ohùn ọmọge ni, ahọ́n Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀.

"Mo wà ńlé."

Ìrẹ̀mídé yọ gíláàsì rẹ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, tẹ́ ẹ bá fi ẹnì kan sílẹ̀ ṣọ́ ilé, ṣebí ẹ ó kí i kúulé bẹ́ ẹ bá dé? Ogójì ọdún ó lé, lójoojúmọ́, ni mo fi rán ọmọ yẹn níṣẹ́. Mi ò kí i kúulé lẹ́ẹ̀kan. Mo da kọnkéré lé e lórí, mo tún ní kó máa ṣọ́nà. Mo ní kó gba ẹrù, ó sì gbà á. Maṣíìnì tí kò rí gbà láyé ti délé rẹ̀, ẹnu mi ló fi ránṣẹ́ sí i. Mo wá mọ ohun tó ń dún kẹrẹkẹrẹ nílẹ̀ láàárọ̀: táyà maṣíìnì ni.

Mo fọwọ́ kan ṣéènì wúrà ọrùn mi. Yóò ra maṣíìnì mìíràn ní Dùgbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Qonitah rí ọwọ́ mi, ó sì lóye.

Luke ní, "Màmá, ẹ dákun." Mo ní kó dìde nílẹ̀, ta ló bá a wí?

Oṣù méjì péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí kọ́ mi kọ, orúkọ ara mi. Mo gbé bírò lé ìlà tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó jẹ̀bi, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí tó fi pé: Sẹ̀kínátù.