Abẹ Tí Kì Í Mú Dọ̀la

Ọjọ́ tí aránṣọ kọ́kọ́ gbé abẹ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù apọ́nbẹ, ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀bẹ ìdáná àti àlùmọ́gàjí ló mọ̀ ọ́n pọ́n. Abẹ yìí rí róbótó bí ìdérí ìgò, ó ní ihò láàárín, orí èèkù kan ni wọ́n sì ń dè é mọ́ tó fi ń yí.

"Kí lẹ ń fi táyà yìí ṣe?"

"Aṣọ ni mo fi ń gé. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, màá wá rán an pọ̀ di aṣọ ìbora. Kò mú mọ́. Bó ṣe ń yí, ó ń fo àwọn òwú kan láìgé wọn."

Apọ́nbẹ gbé abẹ sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "Ẹ ti fi gun orí píìnì."

Ẹnu ya aránṣọ. Òótọ́ ni. "Ta ló sọ fún yín?"

"Abẹ fúnra rẹ̀ ni. Abẹ kì í purọ́."

Lójú tèmi o, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé, àwọn méjèèjì ni kò tètè mọ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "ẹ" ti di "o", "ọ̀gá" ti di "ìfẹ́ mi", apọ́nbẹ sì ti ní òun fẹ́ fi í ṣaya.

Ó ku ìyá aránṣọ. Opó ni, òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́, yàrá kan náà ni wọ́n sì ti jọ ń ránṣọ. Bí ìyá bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò kọ̀, kò sì gbà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti dojú rú. Abẹ tí apọ́nbẹ pọ́n lónìí, tó gé aṣọ ìlọ́po mẹ́fà láìfo òwú kan, bó bá di ọ̀la, kò ní lè gé ẹyọ kan. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun kan náà ni apọ́nbẹ ń sọ: "Píìnì ni, ìfẹ́ mi. Pẹ̀lẹ́." Á sì tún un pọ́n.

Aránṣọ mọ̀ dájú pé òun kò fi abẹ kan píìnì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, inú rẹ̀ ru. Ó fi ìbínú wọ ṣọ́ọ̀bù, kò wo ti oníbàárà tó jókòó.

"Òpùrọ́ ni ẹ́! Ẹni tó ń purọ́ lórí abẹ, kí ni kò ní purọ́ lé lórí? Mi ò fẹ́ ẹ mọ́!"

Ó gbé abẹ náà síwájú rẹ̀. Apọ́nbẹ pọ́n abẹ náà, ó nu epo ara rẹ̀, ó fi bébà wé e. "Rọra mú un," ó ní. "Ó mú."

Aránṣọ sunkún délé. Ó ju abẹ sórí tábìlì, ó lọ bọ́jú. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó gbọ́ kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ti to píìnì sórí tábìlì ní ìlà gbọọrọ, ó ń yí abẹ kọjá lórí wọn.

Ó dà bí ẹni pé ojú ń tàn án jẹ. "Ìyá mi… ẹ̀yin kẹ̀?"

Ìyá kò fi ọwọ́ pamọ́. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, àpá ńlá ọjọ́ pípẹ́ sì yọ. "Mo sọ fún ẹ pé èèṣì ni. Kì í ṣe èèṣì. Káfíńtà ni bàbá ẹ. Ọjọ́ kan péré ni mo sọ pé tábìlì tó ṣe ń mì. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló fi dá mi lóhùn."

Bàbá tó máa ń gbé e kọ́rùn!

"Mo ní kí n ba iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí jẹ́, kí n wo ohun tó máa ṣe tí wọ́n bá bú u, kó tó di pé o bá a délé."

"Kò bínú, Ìyá! Èmi ni mo bú u lójú gbogbo ayé. Mo ti kọ̀ ọ́!"

Àyà ìyá já. "O ti kí ni? Mú bàtà mi wá."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ìyá fúnra rẹ̀ ló rò ó fún apọ́nbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ọkùnrin náà lanu, kò lè pa á dé. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ.

"Ṣé inú ń bí ọ?" ìyá béèrè. Ó ti fà sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pinpin.

"Inú ń bí mi gan-an, mà." "Oníbàárà ti tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀, gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní òpùrọ́! Ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé ló sì kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀."

Ó gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa àga jáde, ó fi aṣọ nu eruku irin orí rẹ̀. "Ẹ jókòó ná, mà, ẹ ti rìn jìnnà. Inú ṣì ń bí mi o."

Ìyá wo àga, ó wo ọkùnrin náà, ó dúró bí ẹni ń retí nǹkan mìíràn. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ náà nìyí, mà."

Ìyá jókòó. Aránṣọ kò rí omijé lójú rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá. Ọjọ́ náà ló rí i.

"Ọmọ mi," ìyá wí, kò sì ṣe kedere èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń pè, "tó o bá bínú tán, ẹ dá ọjọ́ ìgbéyàwó."