Òṣùpá Onírin

Eré ni tíṣà ń sá lọ́jọ́ tí wẹ́dà kọ́kọ́ rí i. Wẹ́dà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi iná jó irin pọ̀, wá tún géètì ilé ìwé ṣe ni, ó sì rí obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀kì kùn lápá, tó ń sáré yí ọmọbìnrin kékeré kan po, tí ọmọ náà sì ń rìn yí àga kan po láàárín pápá. Bàtà rẹ̀ kan ti yọ, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́.

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni tíṣà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Àga yẹn ni oòrùn. Ọmọ yìí ni ayé. Èmi ni òṣùpá, iṣẹ́ tèmi ló sì pọ̀ jù."

"Kí ló dé tí òṣùpá ò kúkú já bọ́, kó sinmi?"

"Ó ń já bọ́ lójoojúmọ́. Ayé ń fà á, àmọ́ eré tó ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ò jẹ́ kó balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí oòrùn po."

Wẹ́dà ṣèlérí pé òun á fi irin ṣe oòrùn, òṣùpá, ayé àtàwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù tó ń yí po fáwọn ọmọ, kí tíṣà yéé pa ara rẹ̀. Kí iṣẹ́ náà tó dé ìdajì, ọkàn àwọn méjèèjì ti fà mọ́ra. Ó ń pe tíṣà ní Òṣùpá mi. Tíṣà ń pè é ní Olójú Iná, torí ojú rẹ̀ tí iná iṣẹ́ ti sọ di pupa.

Àmọ́ ìfẹ́ yìí ò rọrùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìyá tíṣà wà nílé. Ọkàn ìyá náà ti ṣáko lọ, kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á máa yí tábìlì oúnjẹ po, á máa béèrè pé, "Ọmọ mi dà? Ẹ bá mi wá ọmọ mi." Ọmọ yẹn náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Ìbànújẹ́ wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Bàbá wẹ́dà, tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jórin, fárí gá.

"Ìyàwó ni mo ní kó o mú wá, mi ò ní kó o gbé àìsàn wọlé. Bó o bá fẹ́ ẹ tòun tìyá rẹ̀, má tẹ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Ẹ̀rù ba wẹ́dà. Lọ́jọ́ tó gbé irin náà dé pálọ̀ tíṣà, ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Òṣùpá mi, ṣé a ò lè gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ ẹbí, ká lè ráyè ṣègbéyàwó?"

Tíṣà yíjú sí irin náà. Ó di ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i mú, ó yí i. Ayé ń lọ, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yòókù ń lọ, àmọ́ òṣùpá ń fà sẹ́yìn títí ayé fi jìnnà sí i. Wẹ́dà ti jó apá òṣùpá mọ́ oòrùn, bí ẹni pé pílánẹ́ẹ̀tì lòun náà.

"Wo nǹkan tó o ṣe," ni tíṣà wí, ó bú sẹ́kún. "O yà wọ́n, bó o ṣe fẹ́ ya èmi àti Màmá. Ibi tí ayé bá ń lọ ni òṣùpá ń bá a lọ. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Gbé e, kó o máa lọ."

Ó gbé e lọ. Tíṣà ń kọ́ ọmọ, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Wẹ́dà ń jórin, ojú tíṣà ló ń rí nínú iná. Ó rò pé òun á gbàgbé, irọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gé apá òṣùpá kúrò lára oòrùn, ó jó o mọ́ ayé. Bàbá rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Bó ṣe parí, bàbá nawọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá ń yí tábìlì po, tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, nígbà tí wẹ́dà wọlé, tó gbé irin náà lé orí tábìlì, tó yí i. Òṣùpá ń yí ayé po, ayé sì ń gbé e yí oòrùn.

"Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́," ó wí. "Bó o bá ṣì fẹ́ mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni."

"Olójú Iná, ara Màmá ò ní yá o. Bí wọn ò bá dá ọ mọ̀, wọ́n á máa pè ọ́ lólè."

"Kí wọ́n máa pè mí."

Màmá dúró, ó wò ó. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣó o bá mi rí ọmọ mi?"

Wẹ́dà di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa wá a, Màmá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń yí tábìlì po. Ẹ̀yìn orí ìyá rẹ̀ ni tíṣà ti wo wẹ́dà, omijé ò jẹ́ kó ríran dáadáa, ó ní òun gbà.