Àárín Pálọ̀ Tí Díákónì Kì Í Tẹ̀

Iṣẹ́ ilé ni Díákónì Ọlákúnlé Ògúnjọbí ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ilé fún ẹnikẹ́ni. Ilé àtijọ́ tí àwọn ọmọ olóògbé fẹ́ tà kíákíá, kí kálukú lè gba ìpín tirẹ̀ lọ, ni ó máa ń wá kiri láti Ìkìrun dé Inísà, láti Inísà dé Òkukù. Yóò rà á lọ́pọ̀. Kò ní pẹ́ tí ilé náà yóò fi máa dán, yóò sì tà á lọ́wọ́n fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe. Ògiri amọ̀ tí omi ti mu dé àyà, yóò fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́ rẹ́ ẹ, yóò sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Igi òrùlé tí ikán ti jẹ, yóò kan sílìn tuntun sábẹ́ rẹ̀ kí ojú má bàa tó o. Wáyà iná tó ti bó, ọ̀rá ni yóò fi wé e, yóò sì tì í padà sínú ògiri. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, yóò pe pásítọ̀ wá kí ó fi òróró ya ilé náà sí mímọ́. Ó fi ọ̀dà bo ìbàjẹ́, ó tún wá ń fi àdúrà bo ọ̀dà! Ìwà ìkà ni. Kò ní orúkọ mìíràn.

Nínú ìjọ, èèyàn ńlá ni. Òun ló ń gbàdúrà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, òun ló ń parí ìjà láàárín tọkọtaya. Ta ni yóò sọ pé òun fẹ́ yẹ ilé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tà wò?

Èyí tó tà fún Olúwatìmílẹ́yìn àti Fikáyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní Òkukù ló burú jù. Olùkọ́ ni Olúwatìmílẹ́yìn, ọmọ ìjọ Díákónì ni àwọn méjèèjì. Ilé náà ní ṣáláńgá àtijọ́ kan lẹ́yìn, Díákónì sì fẹ́ kí pálọ̀ fẹ̀ kí ó lè wu àwọn tó ń rà. Ó na pálọ̀ sẹ́yìn títí ó fi gun orí ṣáláńgá náà kọjá, kòtò rẹ̀ sì bọ́ sí àárín pálọ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ̀pẹ̀ dí kòtò yẹn pa, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ kí ó le. Díákónì kò ráyè ìyẹn. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ to pákó sí ẹnu rẹ̀, kí wọ́n da kọnkéré fẹ́lẹ́ lé e, kí wọ́n sì lẹ táìlì mọ́ ọn.

Fikáyọ̀ ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ẹ̀rínọlá, ẹnjiníà ní Òṣogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ilé wò kí àwọn tó fẹ́ rà á tó sanwó. Agbo ilé kan náà ní Inísà ni òun àti Díákónì ti dàgbà, Bọ̀ọ̀dá Kúnlé ló ń pè é. Fikáyọ̀ fẹ́ kí ó wá wo ilé náà. Díákónì fajú ro.

"Ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?" ni ó bi tọkọtaya náà. "Èmi tí mo dúró bíi bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín?"

Ojú tì wọ́n. Wọ́n sanwó, wọn kò sì pe Ẹ̀rínọlá mọ́.

Nígbà tó ṣe, Fikáyọ̀ bí ọmọkùnrin. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, pálọ̀ kún fún àwọn ará ìjọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Ẹ̀rínọlá náà wá. Kò tíì jókòó tó fi rí i pé ògiri ti ń yọ omi lábẹ́ ọ̀dà, àti pé ara ògiri ti jó dúdú níbi tí wọ́n ti ń tan iná. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Ìgbà náà ni Díákónì wọlé. Gbogbo èèyàn ń gba àárín pálọ̀ kọjá lọ kí pásítọ̀, ṣùgbọ́n Díákónì fara mọ́ ògiri. Ó ń fo ẹsẹ̀ àwọn tó jókòó, ó ń tọrọ gáfárà, ó ń fún ara rẹ̀ gba ẹ̀yìn àga. Ẹ̀rínọlá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé igun tó kù lọ́hùn-ún, ó sì tọ̀ ọ́ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, kí ló dé tí ẹ ò gba àárín?"

"Orúnkún ló ń dùn mí."

"Orúnkún tó ń dùn yín lẹ fi ń fo ẹsẹ̀ èèyàn? Kí ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀rínọlá, ọjọ́ ayọ̀ lọjọ́ òní. Jọ̀ọ́, má bà á jẹ́."

Ó yé Ẹ̀rínọlá pé ilẹ̀ àárín pálọ̀ náà kò ṣeé tẹ̀. Ó yíjú padà láti wá Olúwatìmílẹ́yìn, kí wọ́n lè kó àwọn èèyàn jáde. Ṣùgbọ́n ìyá Fikáyọ̀ jókòó nítòsí, ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún.

"Háà, Díákónì! Ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ wá dúró? Mò ń gbé àga bọ̀ fún yín."

Ìyá arúgbó náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àga onírin kan, ó sì gba àárín pálọ̀ bọ̀.

Díákónì rí i. Ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀. Ó ráyè láti kígbe, kò kígbe. Orúkọ rẹ̀ ló ń rò. Ó ń ro ohun tí àwọn èèyàn yóò wí. Ìyá kan ń ṣe é lóore, òun sì ń wò ó bó ṣe ń rìn lọ sínú kòtò!

Ilẹ̀ ya. Táìlì fọ́, pákó tó ti jẹrà dá, ìyá Fikáyọ̀ sì wọlẹ̀ dé abíyá. Àga tó gbé lọ́wọ́ ló há sẹ́nu kòtò, òun ló dì mú títí wọ́n fi fà á jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Òórùn gba gbogbo ilé.

Pálọ̀ dàrú. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni àwọn kan ń pariwo. "Iṣẹ́ ọ̀tá ni! Àwọn ayé ni! Wọn ò fẹ́ kí ọmọ yìí jẹ́ orúkọ!" Bí àwọn kan ti sáré lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá lọ sílé ìwòsàn, pásítọ̀ gbọ́wọ́ sókè.

"Díákónì, ẹ gbàdúrà. Ẹ lé ọ̀tá jáde nínú ilé yìí."

Ọ̀nà là fún Díákónì gbalaja. Kí ó sáà dijú, kí ó gbé ohùn sókè, ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kò rí ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Olúwa, gbogbo ọ̀tá tó..." Ojú rẹ̀ bá ti ìyá Fikáyọ̀ pàdé nílẹ̀, níbi tó ti ń jẹ̀rora.

"Díákónì, ẹ má bínú," ni ìyá náà wí, "mi ò tíì gbé àga yín dé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ẹgba lọ. Ó wólẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ dákẹ́! Ẹ yéé pe ọ̀tá! Èmi ni. Ṣáláńgá ni mo bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í tẹ̀ ẹ́."

Olúwatìmílẹ́yìn di aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. "Bàbá la pè yín!" Ó ń sunkún bó ti ń sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Díákónì jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ilé ìwòsàn, Ẹ̀rínọlá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màá san owó ìwòsàn," ni Díákónì wí. "Màá tún ilé yẹn ṣe. Màá sì dá ọrẹ ńlá nínú ìjọ."

"Ẹ tún ti gbé ọ̀dà dé!" Ẹ̀rínọlá kò lè pa ìbínú rẹ̀ mọ́ra. "Owó ìwòsàn, dandan ni kí ẹ san án. Ṣùgbọ́n ọkàn tó rí ìyá yẹn tó sì dákẹ́, èló lẹ fẹ́ fi tún ìyẹn ṣe? Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, Jésù ò kú kí ẹ lè máa dán lójú èèyàn. Nítorí ohun tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀ gan-an ló ṣe kú. Ẹ ṣí i fún un."

Ọkùnrin tó ti ń gbàdúrà fún gbogbo ìjọ láti ọdún pípẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Jésù, ìkà ni mí. Mi ò ní ohun tí mo lè fi bò ó mọ́. Ṣàánú mi." Ó sunkún bí ọmọdé. Olúwa gbọ́, ó sì dárí jì í.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kúnlé fi ipò díákónì sílẹ̀. Ó ní ilé kan ní Ìkìrun tó fi ìpìlẹ̀ gidi kọ́ fún ara rẹ̀, nítorí kò jẹ́ gbé inú irú èyí tó ń tà. Ó gbé e fún Olúwatìmílẹ́yìn àti Fikáyọ̀. Òun àti Ẹ̀rínọlá wá ń lọ láti ilé dé ilé, gbogbo èyí tó ti tà, ó sì ń sọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀dà fún àwọn onílé. Ní Inísà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànjí gbá a létí kó tó sọ̀rọ̀ tán. Kúnlé dúró, ó sì sọ èyí tó kù fún un. Ìyá Fikáyọ̀ ti ń fi ọ̀pá rìn, ó sì ti dárí jì í. Olúwatìmílẹ́yìn kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀, Kúnlé kò sì dá a lẹ́bi.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí ńkọ́? O lè má ta ilé rí. Ọmọ tí o bí tí o ní o kò mọ̀ rí ńkọ́? Ohun tí o kó nínú ogún ọmọ òrukàn ńkọ́? Orin lo fi ń bò ó, ààwẹ̀ lo fi ń bò ó. Nígbà tó bá ya, wàá ní àwọn ayé ni. Irọ́ ni! Ìwọ ni.

Jésù Olúwa mọ ohun tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí kò ní wẹ̀ nù. Má dúró de ọ̀la, má dúró de ìgbà tí ìjọ bá pè ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sọ òótọ́ fún un, kí o sì dìde lọ sọ ọ́ fún ẹni tí o ṣẹ̀.

Ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ nísinsìnyí, kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kígbe!