Dùùrù Tó Kúrò ní Ìkirè

Ẹni mẹ́ta la wà ní pálọ̀ nígbà tí ọ̀gá àwọn tó fẹ́ bá wa gbé dùùrù lọ wọlé dé. Ó kí Màmá Dúró, ó kí Dúrótìmí ọmọ wọn, ó kí èmi náà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí dùùrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tún dọ̀bálẹ̀.

Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Dùùrù nìkan ni, pianó onígi dúdú tó ga dé àyà èèyàn, àti àpótí ìjókòó rẹ̀.

Dúrótìmí wò mí. Èmi náà wò ó. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Lùkúmọ̀n lorúkọ ọkùnrin náà. Ìbàdàn ló ti wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù àti àwọn géńdé tó ń bá a ṣiṣẹ́. Màmá Dúró fúnra wọn ló ránṣẹ́ pè é. Dúrótìmí ti ní kí wọ́n lo àwọn ọmọkùnrin àdúgbò, nítorí láti Ìkirè dé Apòmù kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ iṣẹ́ dùùrù gbígbé nìkan ni yóò fọwọ́ kan ti ọkọ àwọn.

Alàgbà Boaz Oyèwùmí ni ọkọ wọn, ọ̀rẹ́ mi àti aládùúgbò mi. Aládùúrà ni òun, Mùsùlùmí lèmi, ògiri kan ló sì pín wa níyà. Ìdí dùùrù yẹn ló máa ń wà nírọ̀lẹ́, títí ó fi kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n ti ta ilé báyìí. Màmá ń kó lọ bá Ìrètí, ọmọbìnrin wọn tó wà ní Apòmù, ẹni tó jogún ìka bàbá rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí dùùrù náà dé ibẹ̀ bó ṣe wà gan-an, kí nǹkan kan má dín nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn géńdé náà mọ́, mi ò ní purọ́. Wọ́n ti ìdérí rẹ̀ pa, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e yíká, wọ́n di ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n gbé e ka orí pátákó onítáyà kékeré, wọn ò sì jẹ́ kó dùbúlẹ̀ rárá. Síbẹ̀ wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, dis one heavy pass wetin we dey carry before," ọ̀kan nínú wọn ní.

"Pa ẹnu ẹ mọ́," Lùkúmọ̀n dá a lóhùn. "Rọra máa gbé e."

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Màmá bá lọ ṣáájú. Kí wọ́n tó wọlé sínú rẹ̀, wọ́n pe Lùkúmọ̀n sí kọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Bàbá Qaosarat," Dúrótìmí pè mí, "kí ni Màmá ń bá ọkùnrin yẹn sọ tí èmi ọmọ ò lè gbọ́?"

"Bóyá wọ́n ní kó rọra ṣe é ni."

"Hẹn-ẹn. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, tí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì, ẹ kì í fura mọ́. Ẹ ò gbọ́ ti àwọn tó ń fi iṣẹ́ ẹrù kíkó bojú? Wọ́n á yà sínú igbó, ó parí."

Lùkúmọ̀n ní ẹ̀yìn ọkọ̀ lòun máa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Dúrótìmí ní òun náà ò ní kúrò níbẹ̀. Mo bá wọn gòkè. Wọ́n ti gbé àpótí ìjókòó sí iwájú dùùrù, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Wọn ò fi nǹkan kan bò ó. Dúrótìmí fẹ́ jókòó lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ má jókòó síbẹ̀."

"Àpótí bàbá mi ni."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Dípò kí awakọ̀ gba títì márosẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ló gbà, ó sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dé. Ní oríta àkọ́kọ́, ó dúró. Lùkúmọ̀n tẹrí ba, ó sọ ọ̀rọ̀ kan wúyẹ́wúyẹ́. Ọkọ̀ tún gbéra. Ní oríta kejì, ó tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ọ.

"A ti dé oríta o. Apá ọ̀tún la máa yà sí. Ẹ máa bọ̀."

Ohùn tí èèyàn fi ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ni. Kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Dúrótìmí sún mọ́ mi. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń júwe ọ̀nà fún àwọn kan. Wọ́n ń tẹ̀lé wa."

Mo wẹ̀yìn. Ọ̀nà ṣófo. Oòrùn ń tàn sára omi tí òjò àárọ̀ fi sílẹ̀ nínú kòtò, kò sí ọkọ̀, kò sí ọ̀kadà. Òórùn lọ́fínńdà tí àwọn Aládùúrà ń lò ti gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ara búláńkẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá.

A dé afárá kékeré tó ṣáájú Apòmù. Ọkọ̀ dúró. Lùkúmọ̀n tún tẹrí ba.

"Omi la dé yìí o—"

Dúrótìmí ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Tóo bá tún lanu, àgọ́ ọlọ́pàá la ti máa parí ẹ̀."

"Ọ̀gá mi, gbólóhùn kan ló kù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ ká fi wọ́n síbí."

"Mo ní kóo dákẹ́. Awakọ̀, wà á lọ."

Ọkọ̀ gbéra. Lùkúmọ̀n kò bá a jà. Afárá ló ń wò títí a fi yí kọ́nà. Nígbà tó yá mo ṣàkíyèsí pé òórùn lọ́fínńdà náà kò sí mọ́.

Ní Apòmù, àwọn géńdé gbé dùùrù sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé àpótí aṣọ. Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n tún gbé e wò. Nígbà tí wọ́n tú u, kò sí ibì kan tó họ. Ìrètí jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ilẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gún.

"Màmá, ẹ wá wò ó," Dúrótìmí ní. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ja ogun ṣẹ́gun. "Ó dé láìlábùkù."

Màmá jáde láti yàrá. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí dùùrù, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ gbóná. Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí Lùkúmọ̀n.

"Bàbá Dúró dà?"

Lùkúmọ̀n dọ̀bálẹ̀. "Màmá, wọ́n pa mí lẹ́nu mọ́ lórí afárá."

Ibẹ̀ la ti gbọ́ òtítọ́. Alàgbà Oyèwùmí kò kú sí hòsípítù bí Màmá ṣe sọ fún gbogbo wa. Orí àpótí ìjókòó yẹn ló kú sí, ìka rẹ̀ wà lórí dùùrù, láti ọjọ́ náà ni kò sì kúrò níbẹ̀. Màmá ń bá a gbé, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Dúrótìmí, tí ìjọ tirẹ̀ máa pè é ní ẹ̀mí àìmọ́. Wọ́n wá bẹ Lùkúmọ̀n pé kó ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú tí wọ́n ń gbé bọ̀ wálé láti ìdálẹ̀: tí wọ́n bá dé oríta, kó sọ fún un; tí wọ́n bá dé omi, kó sọ fún un, kó má baà ṣìnà.

Dúrótìmí kò jiyàn. Èmi àti rẹ̀ la padà sí afárá. Ó dúró, ó wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tójú ń tì.

"Dádì," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ọ̀dọ̀ Ìrètí là ń lọ, ní Apòmù."

Omi nìkan la gbọ́.

Obìnrin kan ń ta dòdò Ìkirè lábẹ́ igi tó wà níbẹ̀. Ó ti ń wò wá bọ̀.

"Ṣé bàbá aláṣọ funfun yẹn lẹ ń wá?"

Dúrótìmí yíjú padà kíá.

"Mo rò pé Aládùúrà ni wọ́n, torí wọn ò wọ bàtà," obìnrin náà ní. "Àmọ́ ẹsẹ̀ wọn mọ́ tónítóní nínú gbogbo ẹrẹ̀ yìí. Wọ́n ní ọkọ̀ ti fi àwọn sílẹ̀ lọ. Mo fún wọn ní dòdò, wọn ò gbà á."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ti lọ. Ọkọ̀ kan tó kó ẹrù ilé ń kọjá, bẹ́ẹ̀dì, àga, ìkòkò, àwọn ọmọ jókòó sórí ẹ̀. Aláàánú ni awakọ̀ yẹn. Ó ní, 'Bàbá, ẹ wọlé ká jọ máa lọ.' Wọ́n sì wọlé."

"Ibo ni ọkọ̀ yẹn ń lọ?"

"Mi ò béèrè." Ó nawọ́ sí apá títì márosẹ̀. "Ilé tuntun ni wọ́n ń kó lọ, torí wọ́n ń kọrin. Bàbá yẹn náà ń bá wọn gbè é."

Dúrótìmí kò kúrò lórí afárá. Ó ń pe bàbá rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí a padà dé, Màmá Dúró wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò wo ojú wa. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n ń wò, wọ́n sì wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Ìrètí ti ilẹ̀kùn.