A Ó Gbé E Yẹ̀ Wò

"Yìnyín ta nìyí? Mo ní yìnyín ta ló wọlé wá bá mi yìí?"

Ohùn Ìyá Fumie Ōdaira ló la àárọ̀ náà sí méjì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, omi tútù nini ti mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, bàtà ilé mẹ́fà sì ń léfòó yí i ká bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.

Ní ilé mẹ́ta sókè rẹ̀, Marivic Dumalagan tó ni yìnyín náà di ṣọ́bìrì mú, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ó jí, ó rí i pé yìnyín ti ga dé ìgbáròkó òun lẹ́nu ọ̀nà. Gọ́tà kan wà lábẹ́ títì, omi ń sáré nínú rẹ̀, ìdérí onírin wà lórí rẹ̀. Ó ṣí ìdérí, ó da yìnyín sí i. Kí ló tún kù? Ọmọ Iloilo ni, ní ilẹ̀ Filipíìnì, níbi tí yìnyín kì í ti í kọjá inú ife. Ọdún mẹ́fà ló ti lò ní Japan lóòótọ́, ṣùgbọ́n Shizuoka ni, létí òkun, níbi tí kì í tutù. Oṣù méjì péré ló tíì lò ní Hirasawa, ìlú àárín òkè ní Niigata, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Ẹlòmíràn ì bá tọrọ àforíjì. Ẹnu Marivic kì í gba ìjánu. Ó bi ìyá náà léèrè bóyá yìnyín náà máa ń ní oní-nǹkan ni, ṣebí ojú ọ̀run ló ti bọ́.

Ìyá Fumie ní ó ní oní-nǹkan, ó sì ní wákàtí. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀ ní gọ́tà. Ẹni tó bá da yìnyín sí i nígbà tí kò kàn án, gọ́tà á dí, ilé ẹni ìsàlẹ̀ ni omi á sì yà sí. Ó ní ọmọ ọwọ́ ìlú yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Marivic ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́ ìlú yìí. Àwọn ará àdúgbò fara ti ṣọ́bìrì wọn, wọ́n ń wo òkè bí ẹni pé àwọn kò gbọ́.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀yìn ìyá náà. Ó ga, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, irun rẹ̀ dúró gàn-ùn gàn-ùn bí ẹni tí wọ́n fà yọ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń lé èkejì tí omi ń gbé lọ sójú títì. Ó gbá a mú, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó gbójú sókè, ó rí Marivic. Kíá ló tẹrí ba dé ìbàdí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "A ti yọ yín lẹ́nu."

Marivic wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun da omi sílé onílé, onílé ló ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ọkùnrin náà náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Fumie wo àwọn méjèèjì lọ, ó wò wọ́n bọ̀, ó fi ìgbálẹ̀ na omi.

Tatsuhiko lorúkọ ọkùnrin náà, ẹni ọdún méjìdínlógójì, ọmọ kan ṣoṣo ìyá tó jẹ́ opó. Òun ló ń wa katakata tí wọ́n fi ń gbá yìnyín kúrò lójú títì. Ó ti gbéyàwó rí, ìyàwó náà ti lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó mú ìwé kan wá fún Marivic, àkókò gọ́tà ti gbogbo àdúgbò. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sì parí ní aago mẹ́jọ gééré. Ó ti fi bírò pupa fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mẹta.

Marivic bi í bóyá wíwúkọ́ náà ní àkókò tirẹ̀ ní ìlú yìí. Ọkùnrin náà ronú sí i dáadáa, ó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Láti ọjọ́ náà ni Marivic ti sọ ọ́ ní Alákòókò.

Alákòókò kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ṣọ́bìrì tí ẹ̀yìn kò fi ní kán. Ó kọ́ ọ pé ìwọ̀n ṣọ́bìrì kan péré lèèyàn ń fi kọjá ààlà sí iwájú ilé aládùúgbò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, aládùúgbò kò ní lè sùn títí yóò fi san án padà. Marivic rò pé àwàdà ni. Láti fi tu ìyá náà lójú nítorí ọ̀rọ̀ omi, ó gbá iwájú ilé Ìyá Fumie tán pátá, títí dé orí àtẹ̀gùn. Kò pé wákàtí méjì tí ìyá náà fi gbé páálí ọsàn kan dé, ojú rẹ̀ le bí ti ẹni tó wá gbẹ̀san. Marivic se adobo, adìẹ tí wọ́n fi fínígà àti aáyù sè, ó gbé e lọ. Abọ́ padà pẹ̀lú ìrẹsì tuntun. Ó ṣe àkàrà òyìnbó, ó gbé e lọ. Ẹja gbígbẹ dé, odindi mẹ́wàá. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tó yá, Tatsuhiko fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀bẹ̀ pé kó ṣàánú àwọn. Ìyá òun ti ń wo inú ilé káàkiri, ó sì dà bí ẹni pé rédíò ló kàn tí yóò gbé wá.

"Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Marivic bi í.

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló máa wá parí ẹ̀?"

"A ò tíì rí ẹni tó parí ẹ̀ rí," ó ní. "Ẹni tó bá kú pàápàá, wọ́n á dá tiẹ̀ padà níbi ìsìnkú."

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, ohun tó sì pa Marivic lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ lórí yìnyín. Ọkùnrin náà dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo iná lọ́jọ́ òtútù.

Kò pẹ́ tí katakata fi tú wọn fó. Ohun tí katakata ń ṣe ni pé bó bá ti ń gbá ojú títì, á fi òkìtì yìnyín dí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù á jáde wá gbẹ́ tiẹ̀ pẹ̀lú ìráhùn. Bí Alákòókò bá dé iwájú ilé Marivic, á rọra gbé abẹ katakata sókè, á kọjá, á sì tún gbé e sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló rí i. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan. Wọ́n kàn ń yin Marivic gidigidi pé ó mọ igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun ní Japan lò, ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, àwọn méjèèjì jókòó nínú katakata, wọ́n ń mu kọfí gbígbóná láti inú agolo. Tatsuhiko tẹjú mọ́ gíláàsì iwájú.

"Yìnyín ọdún tó ń bọ̀ á pọ̀," ó ní.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni." Etí rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. "Mo fẹ́ kí o wà níbí nígbà tó bá ń rọ̀. Àti ti ọdún tó tẹ̀ lé e."

"Alákòókò mi, ṣé ìgbéyàwó lò ń bá mi sọ ni àbí ojú ọjọ́?"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ sórí," ó ní. "Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀."

Marivic gba agolo kọfí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó ní kó rọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Fumie. Òógùn bo Tatsuhiko bí ẹni tó ń gé igi, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. Ìyá náà gbọ́ dé òpin, ó bu tíì sí ife mẹ́ta, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ńlá ni," ó ní. "A ó gbé e yẹ̀ wò dáadáa."

Díẹ̀ ló kù kí Marivic dì mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti pe Iloilo, ìyá rẹ̀ ti pariwo débi pé ajá ilé ń gbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ti ra ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń bọ́ ọ. Nílé iṣẹ́, ó sọ fún onílé, ó sọ fún àlejò. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, Ìyá Fumie kò sọ nǹkan kan; bó bá pàdé rẹ̀ lójú títì, òtútù ni wọ́n jọ ń sọ.

Bàbá Genzō, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún tí Marivic ń gé èékánná fún, ló bi í léèrè ohun tí ìyá náà wí gan-an, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Marivic tún un sọ. Bàbá pa ojú dé bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òfò.

"Ọmọ mi," ó ní, "àwa tí a wà níbí, bí a bá ní a ó gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, a ti sin ín nìyẹn. Bí a bá fi 'dáadáa' kún un, a ti gbé òkúta lé e lórí."

Marivic gé èékánná tó kù tán, ó fọ ọwọ́, ó gba ibi tí wọ́n ń gbé katakata sí lọ. Tatsuhiko wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi gírísì pa irin. Marivic bi í bóyá ó mọ̀ pé kíkọ̀ ni, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà jáde wá, ó ń wo nọ́ọ̀tì irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé ó yé ẹ," ó ní.

"Ìyá mi ti ra ẹlẹ́dẹ̀, Tatsuhiko."

Ó ní ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́. Marivic bi í bóyá ó tiẹ̀ ti bi ìyá rẹ̀ ní ìdí kan. Ọkùnrin náà ń yí nọ́ọ̀tì náà kiri lọ́wọ́. Marivic dúró dè é. Nígbà tó yá, Marivic yí padà, ó lọ. Ìyá lè kọ̀, a ti rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara ni pé wọ́n gba òun lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ọkùnrin yìí sì ń wo nọ́ọ̀tì. Ó kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Shizuoka. Wọ́n ní kó máa bọ̀ nínú oṣù kẹta.

Ẹni tó bá ń kó kúrò ní Hirasawa gbọ́dọ̀ dágbére fún aládùúgbò, kò sì gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ní ọjọ́ tó ń lọ, Marivic gbé àpótí rẹ̀ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ìta Ìyá Fumie, ó bọ́ bàtà, ó mú tówẹ́ẹ̀lì tuntun wọlé. Tatsuhiko kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan bí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń dájọ́ fún. Ìyá Fumie yin Shizuoka: oòrùn ibẹ̀, tíì ibẹ̀, bí kò ṣe sí yìnyín níbẹ̀. Ó béèrè aago ọkọ̀ ojú irin, Marivic ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bu tíì. Ó tún bu òmíràn. Marivic gbé ife sílẹ̀.

"Màmá, ẹ̀bùn kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín kí n tó lọ. Ẹ sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ ní, 'Marivic, mi ò fẹ́ ọ.' Ọkàn mi á balẹ̀, màá wọ ọkọ̀."

Kẹ́tùrù ń hó lórí ààrò. Ìyá Fumie wo àwòrán ọkọ rẹ̀ olóògbé lára ògiri.

"Ta ló ní mi ò fẹ́ ọ?" Ohùn rẹ̀ ti ga. "Ìwọ tí o bá mi jà ní gbangba kí a tó mọ orúkọ ara wa? Ta ló tún ń bá mi jà ní ìlú yìí?" Ó fi àgbọ̀n júwe ọmọ rẹ̀. "Ẹni yìí ni mi ò fọkàn tán. Sanae, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà yìnyín kan ló lò níbí. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ṣé o mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe? Ó bá a gbé àpótí. Ó fi ọkọ̀ gbé e dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ra oúnjẹ fún un, kí ebi má baà pa á lọ́nà. Ọkọ̀ lọ tán, ó tún tẹrí ba fún ojú irin. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n fi ọmọ ọlọ́mọ lé?"

Kò sẹ́ni tó wo Tatsuhiko. Ìyá náà wo aago. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó tún di ti ẹni tó ń ṣe àlejò.

"Tatsuhiko, aago méjì ń sún mọ́. Àpótí ọmọ yìí wúwo. Lọ bá a gbé e sínú ọkọ̀."

Ó dìde. Marivic gbọ́ bó ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí, bó ṣe gbé àpótí nílẹ̀ pẹ̀lú ìmí gbígbóná. Marivic wólẹ̀ lórí eékún fún Ìyá Fumie láti dúpẹ́, ó fi iwájú orí kan ẹní, ó sì fi í síbẹ̀, torí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ojú òun.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò lọ, ńṣe ló ń bọ̀. Gbì, gbì, gbì, lórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tatsuhiko wọlé tòun ti bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ilé yẹn láti ìgbà tí bàbá bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Yìnyín ń já bọ́ lára bàtà náà, ó ń fi ẹrẹ̀ dúdú tẹ ẹní funfun mọ́lẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àpótí wà ní èjìká rẹ̀. Ó dé àárín àwọn obìnrin méjèèjì, ó sọ ọ́ kalẹ̀, gbìì, gbogbo ife tíì fò sókè.

"Rárá, Màmá," ó ní.