Wọ́n Ní Màmá Tèmidire Ò Bìkítà

Ọ̀sán Sátidé ni. Bọ́ládé, tí gbogbo ilé mọ̀ sí Màmá Tèmidire, ń rẹ́ ilá lọ́wọ́ nínú ilé wọn ní àjà kẹsàn-án nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ní Toronto, ta ní ń wá sílé ẹni láìkọ́kọ́ pe fóònù? Ó yọ́ lọ fojú mọ́ ihò ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan ló dúró síta pẹ̀lú híjáàbù lórí, ó di fáìlì mọ́ àyà.

"Tèmidire, pa tẹlifíṣàn yẹn!"

"Mummy, she already heard it."

"Mo ní kí o pa á!"

"Ẹ káàsán mà," ni àlejò náà wí látìta. "Shukurat lorúkọ mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ẹgbẹ́ àdúgbò kan ló rán mi. À ń ṣàkójọ ọ̀rọ̀ àwọn òbí tí wọ́n pè lọ sí kọ́ọ̀tù nítorí pé ọmọ wọn ń pa ilé-ìwé jẹ."

Bọ́ládé fà sẹ́yìn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Yorùbá tún ni! Bí òyìnbó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, á gbàgbé. Bí ọmọ ilé wa bá gbọ́ ọ, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì á ti máa fi ṣàdúrà.

Bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni kọ́ọ̀tù tún máa pè é. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rìnlá kì í fi í wá sí kíláàsì, kò fèsì. A kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé síta, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kò yọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n pè mí ní kọ́ọ̀tù? Ṣé Màmá Jayden tó ń gbé òdìkejì wa ni? Àbí immigration ló rán yín?"

Shukurat rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú mà. Gbogbo ilẹ̀kùn ni mò ń kàn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n pè yín, àfi ìgbà tí ẹ sọ ọ́ yìí."

Ojú ti Bọ́ládé. Ẹnu ara rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n rí ID yín."

"Ẹ gbà mà. Ẹ má wulẹ̀ pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ẹgbẹ́ wa fúnra yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Tèmidire wá a, ìyá rẹ̀ pè é, wọ́n ní àwọn mọ Shukurat. Síbẹ̀, nígbà tí Shukurat wọlé tó jókòó tán, Bọ́ládé ò fún un lómi.

"Orúkọ mi ń kọ́?"

"Kò sí àyè orúkọ nínú fọ́ọ̀mù yìí, kò sí àdírẹ́sì, kò sí nọ́ńbà SIN tí ìjọba fún yín. Ọjọ́ orí ọmọ, ìdí tó fi ń pa ilé-ìwé jẹ, àti bóyá ẹ rí ògbufọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, kò pọn dandan."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"A máa kó o lọ bá àwọn aláṣẹ ilé-ìwé, kí wọ́n lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn òbí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé Yorùbá mẹ́tàlá tí a ti bá sọ̀rọ̀, mẹ́wàá ló fi àyè ìdí sílẹ̀ lófìfo. Ẹ mọ ohun tí ọ̀gá kan nínú àwọn aláṣẹ náà sọ nígbà tó ka èyí tí a kọ́kọ́ mú lọ? Ó ní, 'These parents just don't care.'"

Bọ́ládé dìde fùú. "Èmi? Èmi ni mi ò bìkítà? Aago mẹ́fà àárọ̀ ni shift mi ń bẹ̀rẹ̀ ní warehouse ní Bramalea! Daycare tí Ẹ̀ríolúwa, ọmọ mi kékeré, ń lọ kì í ṣí títí di aago mẹ́jọ. Ta ni kó gbé e lọ bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Kí Tèmidire tó wọ bọ́ọ̀sì méjì, kíláàsì àkọ́kọ́ ti parí!"

"Mummy," ni Tèmidire wí, "when I'm late, everybody stares at me. So I stopped going in. I just sit in the public library till three."

Bọ́ládé ò mọ èyí. Gbogbo èrò rẹ̀ ni pé kíláàsì àkọ́kọ́ nìkan ni ọmọ òun ń pàdánù. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"You were always tired. And you said we don't talk about things."

Omi bọ́ lójú ìyá. Shukurat dúró títí Bọ́ládé fi mi orí sí i pé ó lè kọ ọ́.

"Ìwé tèmi yìí ò lè dá ẹjọ́ yín mà," ló wí. "Kọ́ọ̀tù gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Ní Mọ́ńdè, ẹ pe òṣìṣẹ́ tó ń rí sí wíwá ọmọ sí kíláàsì, attendance counsellor ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi ìwé àkókò iṣẹ́ yín hàn án. Bí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ọ̀tù bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè ògbufọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà."

Ní Mọ́ńdè, Bọ́ládé pe òṣìṣẹ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù láìfi ìkan pamọ́. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú kí ilé-ìwé lè bá a wá ojútùú. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá a rí ibòmíràn fún Ẹ̀ríolúwa, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí ní kùtùkùtù. Ẹjọ́ ò tíì parí o, àmọ́ Tèmidire ti ń bá wọn jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́ láràárọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ìfura loògùn àgbà, ẹ má jù ú nù. Ẹ béèrè ID, ẹ wá nọ́ńbà fúnra yín, ẹ má kó SIN yín fún ẹni tó kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wádìí tí ẹ rí i pé òótọ́ ni, ẹ sọ ìdí tí ọmọ ò fi lọ. Ẹ sọ ọ́ fún ilé-ìwé, ẹ sọ ọ́ ní kọ́ọ̀tù, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ti Bọ́ládé, tọmọ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dákẹ́.